Kí ni ìtumọ̀ Bẹ́tílẹ́hẹ́mù gan-an: ilé oúnjẹ, ilé ẹran, tàbí ilé òrìṣà?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Èmi ni mò ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ní ìjọ wa ní Abẹ́òkúta. A ń múra eré Kérésìmesì lọ́wọ́, mo sì fẹ́ kọ orúkọ Bẹ́tílẹ́hẹ́mù àti ìtumọ̀ rẹ̀ gàdàgbà sára aṣọ tí a máa ta sẹ́yìn àwọn ọmọ. Ìwé tí a fi ń kọ́ wọn sọ pé "Ilé Àkàrà" ni. Bí mo ṣe kà á, ọmọ kan béèrè bóyá àkàrà ni wọ́n ń dín ní ìlú náà. Màmá kan nínú ìgbìmọ̀ wa tó ti lọ sí Jẹrúsálẹ́mù ní ẹni tó mú wọn káàkiri sọ fún wọn pé "Ilé Ẹran" ni. Ajíhìnrere kan tún gbọ́, ó ní òrìṣà Bábílónì kan ni wọ́n fi sọ ìlú náà lórúkọ, kí n má tilẹ̀ kọ ìtumọ̀ kankan. Èwo ni kí n kọ? Ẹ jọ̀wọ́, kí sì ni Éfúrátà tí wòlíì Míkà fi kún un?

ÌDÁHÙN

Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, ẹ sì kú làálàá àwọn ọmọ. "Ilé Oúnjẹ" ni kí ẹ kọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n là á yé yín, torí pé kò sí èyí tó purọ́ nínú àwọn tó bá yín sọ̀rọ̀. Kálukú ló ní ibi tó ti gbọ́ tirẹ̀, wọn ò sì ní ṣàìbi yín léèrè tí wọ́n bá rí aṣọ yẹn.

Ọ̀rọ̀ méjì ni orúkọ ìlú náà ní èdè Hébérù: bet àti leḥem. Bet ni ilé. Ó pọ̀ nínú orúkọ ìlú inú Bíbélì: Bẹ́tẹ́lì, ilé Ọlọ́run, Bẹtisáídà, ilé ìpẹja, Bẹtifágè, ilé èso ọ̀pọ̀tọ́ tí kò tíì pọ́n. Bí àwa náà ṣe ń lò ó ni àwọn Hébérù ń lò ó. Ilé lè jẹ́ ògiri àti òrùlé, ó lè jẹ́ ìdílé, bíi "ilé Dáfídì", ó sì lè jẹ́ ibi tí a ti ń rí nǹkan kan lọ́pọ̀lọpọ̀. Apá yìí kò mú àríyànjiyàn wá rárá. Orí leḥem ni ìjà wà.

Ẹnikẹ́ni tó bá kọ́ èdè Hébérù lónìí, búrẹ́dì ni wọ́n máa kọ́kọ́ sọ fún un pé leḥem jẹ́, òótọ́ sì ni. Àwọn bàbá wa tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá nígbà tí búrẹ́dì kò tíì wọ́pọ̀ lọ́jà wa lo "àkàrà" fún un, ìdí nìyẹn tí a fi ń ka "ìṣù àkàrà" níbi tí Jésù ti bọ́ ẹgbẹ̀rún márùn-ún ènìyàn. Àgbàlagbà tó ti ń ka Bíbélì láti kékeré mọ̀ pé kì í ṣe àkàrà ẹ̀wà. Ọmọdé ò mọ̀. Ìbéèrè ọmọ yẹn tọ́, kí ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọn yòókù fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ sọ fún un pé ìyẹ̀fun àlìkámà tàbí ọkà báálì ni wọ́n ń pò, tí wọ́n ń yan nínú ààrò, àti pé kò sí epo gbígbóná níbẹ̀.

Ìdí tí mo fi ní kí ẹ kọ "oúnjẹ" dípò "búrẹ́dì" wà nínú Bíbélì fúnra rẹ̀. Ẹ ṣí Sámúẹ́lì Kìn-ín-ní, orí 14. Sọ́ọ̀lù fi àwọn ọmọ ogun rẹ̀ bú: ègún ni fún ẹni tó bá jẹ leḥem kí ilẹ̀ tó ṣú. Jónátánì ọmọ rẹ̀ kò gbọ́, ó ti ọ̀pá bọ inú afárá oyin, ó tọ́ ọ wò, ni wọ́n bá ní ó ti rú òfin. Oyin ni ó jẹ o, kò fọwọ́ kan búrẹ́dì. Tó bá jẹ́ pé búrẹ́dì nìkan ni leḥem, Jónátánì kò jẹ̀bi. Ẹ tún wo Léfítíkù 3, ẹsẹ 11: ọ̀rá àti iwe ẹran tí àlùfáà sun lórí pẹpẹ ni a pè ní leḥem níbẹ̀, Bíbélì Yorùbá wa náà sì túmọ̀ rẹ̀ sí oúnjẹ. Mánà tó bọ́ láti òkè ní Ẹ́kísódù 16, leḥem láti ọ̀run ni Ọlọ́run pè é. Ọ̀rọ̀ náà fẹ̀. Búrẹ́dì ló ṣáájú nínú rẹ̀ nítorí pé búrẹ́dì ni àwọn àgbẹ̀ Ísírẹ́lì ń jẹ lójoojúmọ́, tí wọn ò bá jẹ ẹ́, wọn ò tíì jẹun.

Ibẹ̀ gan-an la ti rí ọ̀nà yanjú ọ̀rọ̀ tí màmá yẹn gbọ́. Ìlú tí Lárúbáwá jẹ́ èdè àwọn ará ibẹ̀ ni Bẹ́tílẹ́hẹ́mù lónìí, Bayt Laḥm ni wọ́n ń pè é, laḥm sì ni ẹran ní èdè wọn. Ẹni tó mú wọn káàkiri kò tàn wọ́n. Ìtumọ̀ tí orúkọ náà ní létí ẹni tó ń gbé ibẹ̀ lónìí ló sọ fún wọn. Ẹbí kan ni Hébérù àti Lárúbáwá, kọ́ńsónáǹtì mẹ́ta ló sì máa ń di ìdí ọ̀rọ̀ wọn mú. L, Ḥ àti M ló wà nídìí leḥem, àwọn náà ló wà nídìí laḥm. Ohun tí àwọn onímọ̀ èdè rí ni pé oúnjẹ tó gbé ẹ̀mí ró ni gbòǹgbò náà ń tọ́ka sí, tí olúkúlùkù wá fi pe ohun tí wọ́n ń jẹ jù ládùúgbò tiwọn. Àgbẹ̀ fi pe búrẹ́dì. Darandaran inú aṣálẹ̀ fi pe ẹran. Ní erékùṣù Sokotra, létí òkun lápá gúúsù ilẹ̀ Lárúbáwá, ẹja ni wọ́n ń fi irú ọ̀rọ̀ yìí pè. Mo fẹ́ràn àpẹẹrẹ yìí gan-an, mo sì máa ń lò ó fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, torí pé ó jẹ́ kí wọ́n rí i pé "Ilé Búrẹ́dì" àti "Ilé Ẹran" kò bá ara wọn jà. "Ilé Oúnjẹ" gba àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n àwọn tó kọ Bíbélì, Hébérù ni wọ́n ń sọ, ọ̀rọ̀ Hébérù ni kí a sì fi túmọ̀ orúkọ inú ìwé wọn.

Ẹnì kan tún lè sọ fún yín pé "Ilé Ogun" ni. Lóòótọ́, gbòǹgbò kan tó ní kọ́ńsónáǹtì mẹ́ta yìí kan náà wà nínú ọ̀rọ̀ ìjà ní Hébérù, milḥama ni wọ́n ń pe ogun. Àwọn onímọ̀ tó tẹ̀ lé ọ̀nà yẹn kò pọ̀, ẹ má sì jẹ́ kó dààmú yín.

Ọ̀rọ̀ ajíhìnrere wá ńkọ́? Kò hùmọ̀ rẹ̀, àwọn onímọ̀ ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ní ọdún 1887, wọ́n rí wàláà amọ̀ púpọ̀ ní Tell el-Amarna ní ilẹ̀ Íjíbítì. Lẹ́tà ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì jẹ́ lẹ́tà tí àwọn ọba kéékèèké ilẹ̀ Kénáánì kọ sí Fáráò ní nǹkan bí 1,350 ọdún kí a tó bí Jésù. Abdi-Heba, tó jẹ ọba Jẹrúsálẹ́mù nígbà náà, wà lára àwọn tó kọ̀wé. Nínú ọ̀kan nínú lẹ́tà rẹ̀, ó fi ẹjọ́ sun Fáráò pé ìlú kan tó wà lábẹ́ Jẹrúsálẹ́mù ti fi ọba sílẹ̀, ó ti lọ darapọ̀ mọ́ àwọn ọ̀tá. Àwọn àmì tó fi kọ orúkọ ìlú náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "ilé", orúkọ òrìṣà kan ló sì tẹ̀ lé e. Ninurta ni àwọn àmì náà máa ń dúró fún. Ní ọdún 1915, onímọ̀ ará Jámánì kan, Otto Schroeder, dá a lábàá pé kí a kà á sí Lahmu, orúkọ òrìṣà Bábílónì mìíràn, kí ìlú náà lè di Bit-Lahmi, ìyẹn Bẹ́tílẹ́hẹ́mù. Láti ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti wọ inú ìwé atúmọ̀ Bíbélì, tí àwọn oníwàásù sì gbé e.

Mo ti yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò dáadáa, kò sì dúró lójú mi. Àbá ni kíkà Schroeder, orúkọ Lahmu kò sí lára wàláà yẹn. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ni kò gbà pé Bẹ́tílẹ́hẹ́mù ni ìlú tí Abdi-Heba ń sọ, àwọn kan tilẹ̀ rò pé Bẹti-Hórónì ni. Lahmu fúnra rẹ̀ wà nínú ìtàn ìṣẹ̀dá àwọn ará Bábílónì lóòótọ́: òun àti Lahamu ni àkọ́bí Apsu àti Tiamat, òrìṣà méjì tó ṣáájú gbogbo àwọn yòókù nínú ìtàn náà. Onírun lára ni orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí, wọ́n sì máa ń fi ère rẹ̀ ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Kò jẹ mọ́ ọkà, kò sì jẹ mọ́ oúnjẹ. Ẹ wo ohùn ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú. "Ḥ" inú orúkọ Lahmu ní Bábílónì ni èyí tí a ń fà jáde láti ọ̀nà ọ̀fun bí ẹni ń ha nǹkan. Lẹ́tà kan náà ni àwọn Hébérù fi ń kọ èyí àti èyí tó rọ̀ jù ú lọ, nítorí náà ojú ìwé Hébérù nìkan kò lè yanjú rẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́tà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni Lárúbáwá ní fún wọn, èyí tó rọ̀ ni wọ́n fi ń pe Bayt Laḥm títí dòní. Ìyẹn bá leḥem, oúnjẹ, mu. Kò bá Lahmu mu.

N kò sọ pé kò sí ìlú inú Bíbélì tó jẹ́ orúkọ òrìṣà o. Bẹti-Ṣémẹ́ṣì ni ilé oòrùn, àwọn ará Kénáánì sì ń bọ oòrùn. Bẹti-Dágónì ń jẹ́ Dágónì. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Bẹti-Ṣémẹ́ṣì: Jóṣúà 21 sọ pé àwọn ọmọ Áárónì, àlùfáà, ni a fi í fún, ibẹ̀ náà sì ni àpótí ẹ̀rí dé nígbà tí àwọn Fílístínì dá a padà. Wọn ò pa orúkọ ìlú dà kí àpótí Olúwa tó wọ̀ ọ́. Nítorí náà, tí ajíhìnrere bá tún dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, ẹ fi ọ̀wọ̀ dá a lóhùn pé ẹ̀rí rẹ̀ kò tó, àti pé ká tilẹ̀ ní ó tó, kò sí ẹ̀rù fún ọmọ tó bá pe orúkọ ìlú tí Bíbélì pè.

Àkọsílẹ̀ kan wà tó dá mi lójú ju wàláà Amarna lọ nípa orúkọ yìí. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2012, àwọn awalẹ̀pìtàn Ísírẹ́lì kéde pé wọ́n rí èdìdì amọ̀ kékeré kan nínú erùpẹ̀ tí wọ́n ń jọ̀ láti ibi tí wọ́n ń pè ní Ìlú Dáfídì ní Jẹrúsálẹ́mù. Fífẹ̀ rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà kan àti ààbọ̀ lọ. Irú amọ̀ tí wọ́n fi ń di ẹrù ni, kí ẹnikẹ́ni má baà tú u lójú ọ̀nà. Ìlà mẹ́ta ló wà lára rẹ̀ ní lẹ́tà Hébérù àtijọ́. Ìlà kìíní sọ pé ọdún keje ni. Orúkọ Bẹ́tílẹ́hẹ́mù ni ìlà kejì. Ìkẹta, tí apá kan rẹ̀ ti já, sọ pé ti ọba ni. Ọgọ́rùn-ún ọdún kẹjọ tàbí ìkeje kí a tó bí Jésù ni wọ́n dá a sí, ìyẹn ayé àwọn ọba Júdà. Owó orí ni àwọn ará Bẹ́tílẹ́hẹ́mù ń san sí ààfin, bóyá fàdákà, bóyá wáìnì tàbí àlìkámà. Àkọ́kọ́ nìyẹn tí a máa rí orúkọ ìlú náà nínú ohun àtijọ́ ilẹ̀ náà yàtọ̀ sí Bíbélì. Bí ẹ bá lè ya àwòrán èdìdì yẹn fún àwọn ọmọ, wọ́n á fẹ́ràn rẹ̀.

Kí ló dé tí wọ́n fi sọ ìlú náà bẹ́ẹ̀? Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, ilẹ̀ ibẹ̀ sì dáhùn. Bẹ́tílẹ́hẹ́mù wà ní nǹkan bíi kìlómítà mẹ́sàn-án sí gúúsù Jẹrúsálẹ́mù, lórí òkè. Ní ìlà-oòrùn rẹ̀, ilẹ̀ náà sọ̀ kalẹ̀ lọ sínú aginjù Júdíà, níbi tí ọkà kò ti lè hù dáadáa, àgùntàn àti ewúrẹ́ nìkan ló lè rí nǹkan jẹ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn tó dé aginjù, ilẹ̀ tó tẹ́jú wà níwájú ìlú tí wọ́n ti ń gbin àlìkámà àti ọkà báálì. Òkè tó yí ìlú ká jẹ́ ti àjàrà, ólífì àti ọ̀pọ̀tọ́. Darandaran tó bá ń ti aginjù bọ̀, ibẹ̀ ni yóò ti rí ọkà rà. Ìwé Rúùtù ló jẹ́ kí a rí oko wọ̀nyẹn kedere: ìgbà ìkórè ọkà báálì ni Náómì àti Rúùtù wọ ìlú, inú oko Bóásì ni Rúùtù sì ti ń ṣa ẹ̀ṣẹ́ ọkà tí àwọn olùkórè fi sílẹ̀. Nígbà tí Jésè rán Dáfídì sí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójú ogun, ọkà yíyan àti ìṣù búrẹ́dì mẹ́wàá ló gbé lé e lọ́wọ́.

Ẹni tó kọ ìwé Rúùtù mọ ìtumọ̀ orúkọ ìlú yìí, ó sì fi ṣe ẹwà nínú ìtàn rẹ̀. Ìyàn mú ní Ilé Oúnjẹ! Bí ìwé náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Elimélékì kó aya àti ọmọ, ó sá lọ sí Móábù. Ní ẹsẹ kẹfà, Náómì gbọ́ pé Olúwa ti bẹ àwọn ènìyàn rẹ̀ wò, ó ti fún wọn ní oúnjẹ. Ọ̀rọ̀ Hébérù tó parí ẹsẹ yẹn ń dún bí orin, "lahem laḥem", "fún wọn ní oúnjẹ". Ẹni tó bá gbọ́ Hébérù á mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ilé náà ti tún gba orúkọ rẹ̀ padà. Tí ẹ bá ń wá ìtàn kan tí ẹ máa fi gbin ìtumọ̀ náà sí àwọn ọmọ lọ́kàn, mo rọ̀ yín, ìtàn Rúùtù ni kí ẹ lò.

Ẹ óò fẹ́ so ó mọ́ Jésù náà, torí pé Kérésìmesì ni. Ohun rere ni, àmọ́ ẹ ṣọ́ bí ẹ ṣe máa sọ ọ́. A máa ń gbọ́ lórí pẹpẹ pé torí pé a máa bí Oúnjẹ Ìyè síbẹ̀ ni wọ́n ṣe sọ ìlú náà ní Ilé Oúnjẹ. Kò sí ẹsẹ Bíbélì tó sọ bẹ́ẹ̀. Wòlíì Míkà sọ pé alákòóso yóò ti ibẹ̀ jáde, kò dárúkọ oúnjẹ. Mátíù, tó fi ìtumọ̀ Ìmánúẹ́lì yé wa ní orí kìíní, tó tún túmọ̀ Gọlgọ́tà ní orí 27, kò túmọ̀ Bẹ́tílẹ́hẹ́mù fún wa. Ibi tí Jésù ti pe ara rẹ̀ ní oúnjẹ ìyè, Jòhánù orí 6, Kapanáúmù ní Gálílì ni, kò sì mẹ́nu kan ìlú tí a bí i sí. Àwọn bàbá ìjọ ìgbàanì ni wọ́n ṣe àṣàrò yìí. Jerome, tó túmọ̀ Bíbélì sí èdè Látìn, Bẹ́tílẹ́hẹ́mù ló gbé láti ọdún 386 títí ó fi kú. Nígbà tí obìnrin olówó kan ará Róòmù, Paula, tó bá a gbé ibẹ̀, kú ní 404, Jerome kọ lẹ́tà gígùn kan nípa ìgbésí ayé rẹ̀. Ó sọ nínú rẹ̀ pé Paula kí ìlú náà bí ó ti dé ibẹ̀, ó pè é ní ilé búrẹ́dì, ibi tí a ti bí búrẹ́dì tó sọ̀ kalẹ̀ láti ọ̀run. Àṣàrò ẹni tó fẹ́ràn Olúwa ni, ó sì dùn mọ́ mi nígbàkigbà tí mo bá kà á. Ẹ lè sọ fún àwọn ọmọ pé nígbà tí àwọn Kristẹni gbọ́ orúkọ ìlú yìí, wọ́n rántí pé Jésù ni oúnjẹ ìyè. Òtítọ́ nìyẹn. Kí ẹ sọ pé ìdí tí wọ́n fi sọ ìlú lórúkọ nìyẹn ni kò tọ́, torí pé ọmọ tó bá gbọ́ ọ lẹ́nu olùkọ́ rẹ̀ á gbé e dàgbà.

Ó wá ku Éfúrátà. Bẹ́tílẹ́hẹ́mù méjì ló wà ní ilẹ̀ Ísírẹ́lì. Èkejì wà ní ilẹ̀ Sébúlúnì, lápá àríwá, Jóṣúà 19 ẹsẹ 15 ló dárúkọ rẹ̀. Nítorí rẹ̀ ni Bíbélì fi ń sọ léraléra pé "Bẹ́tílẹ́hẹ́mù Júdà". Éfúrátà ni orúkọ àdúgbò àti ìdílé tó tẹ ti Júdà dó. Ìwé Kíróníkà Kìn-ín-ní, orí 4, pe Húrì, àkọ́bí Éfúrátà, ní baba Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, bí àwa náà ṣe ń mọ ẹni tó tẹ ìlú dó. Ará Éfúrátà ni Bíbélì pe Elimélékì, bẹ́ẹ̀ ló pe Jésè. Àwọn onímọ̀ so orúkọ náà mọ́ ọ̀rọ̀ Hébérù tó jẹ mọ́ síso èso, gbòǹgbò kan náà tí Jósẹ́fù fi túmọ̀ orúkọ ọmọ rẹ̀ Éfúráímù nígbà tó ní Ọlọ́run mú òun bí sí i ní ilẹ̀ ìpọ́njú. Nígbà tí Míkà wá pe "Bẹ́tílẹ́hẹ́mù Éfúrátà", ohun tó ń ṣe ni pé ó ń tọ́ka sí ìlú Jésè àti Dáfídì, kí ẹnikẹ́ni má baà gbé ojú lọ sí ti Sébúlúnì. Kékeré ló pè é láàárín àwọn ẹbí Júdà, ìdílé tí kò lókìkí ni.

Bí ààyè bá wà lára aṣọ yín, ìlà méjì ni kí ẹ kọ. Ẹ kọ "BẸ́TÍLẸ́HẸ́MÙ ÉFÚRÁTÀ" sókè pẹ̀lú lẹ́tà ńlá, kí ẹ kọ "Ilé Oúnjẹ, ní ilẹ̀ Júdà" sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ bí Bíbélì tí àwọn ọmọ ń lò ṣe kọ ọ́, kí wọ́n lè rí i kà nínú Míkà 5 ẹsẹ kejì nígbà tí ẹ bá ní kí wọ́n ṣí i.